Ẹ̀rọ Náà Mọ Ìbàdàn, Máàpù Ni Kò Ní: Àlàyé lórí kọ̀ǹpútà GPS orí kẹ̀kẹ́ fún ẹni tó fẹ́ rìn jìnnà

Àbúrò mi kan ní Ìbàdàn pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan tí ẹ fi ránṣẹ́ yìí, ṣé kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ yín kí ẹ tó gbé e fún mi? Kò mọ Ìbàdàn rárá." Kọ̀ǹpútà kékeré tí à ń dè mọ́ irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló ń wí. Mo ti lò ó ní Lọ́ńdọ̀nù fún bí ọdún mẹ́ta, ìgbà tí mo ra òmíràn ni mo fi rán ẹni tó ń lọ sílé sí i. Ó tàn án ní Bódìjà, ó jáde síta gbangba bí mo ṣe kọ́ ọ, àmọ́ ojú ẹ̀rọ funfun báláú, àfi ọfà dúdú kékeré kan láàárín bí eṣinṣin tó bà sórí ẹ̀kọ.

Mo ní kó máa rìn lọ díẹ̀. "Ṣé ọfà yẹn ń yí?" Ó ní ó ń yí. "Iye wo ló wà lókè?" Ó ní 4, ó tún ní 5. Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀rọ yẹn mọ Ìbàdàn. Ó mọ ẹ̀gbẹ́ títì tí àbúrò mi ń tọ̀, ó sì mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe yá tó. Ohun tí kò ní ni àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà, nítorí ọjà Yúróòpù ni wọ́n ṣe é fún, máàpù Yúróòpù nìkan ni wọ́n sì kó sínú rẹ̀.

Ibi tó ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. A máa ń sọ pé "GPS ló ṣì mí lọ́nà", bí ẹni pé nǹkan kan ṣoṣo ni. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú àpótí kékeré yẹn, ọ̀kan kì í sì í béèrè lọ́wọ́ èkejì: ibi tí ẹ wà báyìí, ilẹ̀ tó yí yín ká, àti ọ̀nà tí ẹ̀yin sọ pé ẹ fẹ́ gbà. Ti àkọ́kọ́, òkè ọ̀run ló ti ń wá. Ìkejì wà nínú máàpù. Ẹ̀kẹta wà nínú fáìlì tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé sí i. Bó bá jẹ́ kìlómítà 20 lẹ fẹ́ gùn láti ilé lọ sí ilé ọ̀rẹ́, èyíkéyìí lè ṣìnà, kò ní dùn yín. Tó bá di 100 tàbí 200, ní ìlú tí ẹ ò dé rí, tí ilẹ̀ sì ń ṣú lọ, ẹ ó fẹ́ mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń purọ́ fún yín.

Ládàánì ojú ọ̀run

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni pé, ṣé ó ń jẹ dátà? Kì í jẹ kọ́bọ̀. Kò nílò síìmù, kò sí owó oṣù tí ẹnikẹ́ni ń san fún sátẹ́láìtì.

Ẹ fi ọkàn wò ó pé ẹ wà nínú òkùnkùn biribiri ládùúgbò tí mọ́sálásí mẹ́ta wà, ẹ sì mọ ojúlé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ká ní àwọn ládàánì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbẹ́nu lé ìpè àsùbáà ní agogo kan náà géérégé. Ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ohùn mọ́sálásí àkọ́kọ́ bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 3 pẹ́ kó tó dé etí yín, a jẹ́ pé ẹ jìnnà sí i tó kìlómítà kan. Bí ti èkejì bá dé lójú ẹsẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ dúró sí. Tí ẹ bá fi ti ẹ̀kẹta kún un, ẹ ti mọ ibi tí ẹ wà, bẹ́ẹ̀ ládàánì kankan ò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.

Bí GPS ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Sátẹ́láìtì bí 30, ti ìjọba Amẹ́ríkà, ló ń yí ayé po ní òkè tó tó kìlómítà 20,200. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kéde láìsinmi pé, èmi rèé, ibi tí mo wà rèé, ohun tí aago mi sọ rèé. Kọ̀ǹpútà yín ń gbọ́, ó ń ṣírò bí ìkéde kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà. Àmọ́ ìgbì rédíò ò lọ́ra bí ohùn ládàánì. Kìlómítà 300,000 ló ń sá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó fi jẹ́ pé bí aago bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá ṣì, mítà 300 ni ìṣìnà yẹn. Aago inú ẹ̀rọ orí kẹ̀kẹ́ ò lè péye tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń wá sátẹ́láìtì kẹrin kún un, kó lè fi tún aago tirẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní tún máa ń gbọ́ GLONASS ti Rọ́ṣíà, Galileo ti Yúróòpù àti BeiDou ti Ṣáínà, ládàánì wọn wá pọ̀ débi pé bí ilé gogoro bá dí ọ̀kan mọ́ wọn lójú, òmíràn wà.

Títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da ìkéde tí aráàlú ń gbọ́ rú díẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dáwọ́ ìyẹn dúró ni ẹ̀rọ báyìí tó wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ títì tí òun wà lórí rẹ̀, kì í ṣe àdúgbò nìkan.

Nítorí pé ẹ̀rọ yín ń gbọ́ ni, tí kì í sọ̀rọ̀ padà, bí olè bá jí i, sátẹ́láìtì ò lè bá yín wá a. Bákan náà, ìyàwó yín nílé ò lè rí ibi tí ẹ dé, àfi tí ẹ bá so ẹ̀rọ mọ́ fóònù nípasẹ̀ Bluetooth, tí fóònù wá ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Fóònù ló ń jẹ dátà níbẹ̀. Tí ẹ bá gba ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ò sí, ilé ò ní rí yín mọ́, àmọ́ ọfà ojú ẹ̀rọ ò ní ṣíwọ́ ìrìn.

Ẹ fún un láyè kó gbọ́ràn kí ẹ tó gbéra. Sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan máa ń lo ìṣẹ́jú-àáyá 30 láti sọ àlàyé ibi tó wà tán, ẹni tó bá sì ń wọ abẹ́ páànù tó ń jáde, ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Tí ẹ̀rọ bá ti pẹ́ ní pípa, tàbí tí wọ́n gbé e láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Ìbàdàn, tó jìnnà tó kìlómítà 5,000, ìgbà àkọ́kọ́ á pẹ́ díẹ̀ sí i. Mo máa ń gbé tèmi sórí ògiri ìta kí n tó lọ fẹ́ táyà. Kí n tó fẹ́ ẹ tán, ó ti mọ ibi tó wà. Láàárín ilé gogoro, ìkéde máa ń gbá ògiri kó tó dé etí ẹ̀rọ, ìdí nìyẹn tí ìlà ìrìn mi ní Canary Wharf, àdúgbò ilé gogoro kan létí omi ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe máa ń sọ kalẹ̀ sínú omi nígbà mìíràn. Ẹ má dá a lóhùn. Tí ẹ bá ti bọ́ sójú gbangba, á padà bọ̀ sípò.

Máàpù

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ló ń lo OpenStreetMap, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Bìrìtìkó ní ọdún 2004, tí ẹnikẹ́ni lè ya títì kún. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí òpópó kékeré kan ní Ìbàdàn tó péye dé ẹnu géètì, kí àdúgbò kejì sì ṣófo bí ẹni pé igbó ni. Ẹnì kan jókòó ya tibí, kò tíì sí ẹni tó ya tọ̀hún.

Mo ní kí àbúrò mi so ẹ̀rọ mọ́ láptọ́ọ̀pù, kó gba máàpù Nàìjíríà wọlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì dà á sínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tuntun kan ò nílò láptọ́ọ̀pù, wọ́n lè fi Wi-Fi gbà á fúnra wọn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó tún pè mí. Bódìjà ti yọ, Sángo ti yọ, Mọ́kọ́lá ti yọ, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí ilé rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn gba dátà, lẹ́yìn náà inú ẹ̀rọ ló wà. Ẹni tó bá ń rìnrìn-àjò pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ilé ni kó ti ṣe èyí, kó má dúró di pápákọ̀ òfurufú.

Máàpù mọ̀ pé títì wà. Kò mọ̀ pé òjò ti gbá afárá lọ, kò mọ ọjọ́ ọjà, kò mọ̀ pé kòtò tó wà níbẹ̀ lè gbé ewúrẹ́ mì. Bí ẹni tó ya ọ̀nà kan ò bá kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ọlọ́dà ni tàbí erùpẹ̀, ńṣe ni ẹ̀rọ á máa méfò.

Eérú tàbí orúkọ ìlú

Ibí ni ọ̀rọ̀ gan-an wà, ibí sì ni mo ti jìyà jù.

Ọ̀nà méjì la fi ń júwe Ọ̀yọ́ fún ẹni tó ń ti Ìbàdàn lọ. Ẹ lè sọ fún un pé, gba Mọ́níyà, tí o bá kọjá Ìròkó wàá rí Fìdítì, lẹ́yìn náà Ìlọrà, o ti dé nìyẹn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ láti wá ọ̀nà láàárín ìlú kan sí èkejì. Ẹ sì lè ṣe bí wọ́n ti ń ṣe nínú àlọ́, kí ẹ lu àpò eérú ní ihò, kí ẹ gbé e rin ọ̀nà náà láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ wá ní kó máa tẹ̀lé eérú. Ẹni tó ń tẹ̀lé eérú ò nílò kó mọ orúkọ ìlú kankan.

Fáìlì tí à ń gbé sínú ẹ̀rọ, GPX ni wọ́n sábà máa ń pè é, ó lè jẹ́ irú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọ̀kan ní ibùdó mélòó kan tí ẹ̀rọ á fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ so pọ̀. Èkejì jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì kéékèèké tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, tó dà bí ìlà kan gbọọrọ. Orúkọ kan náà, ìparí orúkọ fáìlì kan náà, ẹ ò lè fojú dá wọn mọ̀. Tí ẹ bá fún ẹ̀rọ méjì ní irú àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lè gbà, nítorí ọgbọ́n orí wọn yàtọ̀. Ọ̀kan á gbé yín gba òpópónà márosẹ̀ tuntun tí tírélà ń sá lórí rẹ̀, èkejì á gbé yín gba ọ̀nà àtijọ́ tó la inú Fìdítì kọjá. Tí ẹ bá fún wọn ní eérú, ibì kan náà ni wọ́n máa gbà, kódà bí kò bá sí máàpù nínú wọn rárá. Àbúrò mi ì bá ti fi ojú funfun báláú yẹn gun kẹ̀kẹ́ dé Ọ̀yọ́, tó bá jẹ́ pé ìlà wà lórí rẹ̀.

Ní Kent, ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo lọ fún ìrìn audax àkọ́kọ́ mi. Audax ni ìrìn jíjìn tí kì í ṣe eré ìje. Wọ́n fún yín ní iye wákàtí, wọ́n fún yín ní ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ fara hàn, ọ̀nà tó kù wà lọ́wọ́ yín. Fún kìlómítà 200, wákàtí 13 àti ààbọ̀ ni. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ fún wa ní fáìlì tó mọ́ dáadáa, ìlà ni. Àmọ́ mo ti tẹ nǹkan kan nínú ẹ̀rọ mi tó sọ pé, bí mo bá kúrò lórí ìlà, kó tún ọ̀nà mìíràn ṣírò fún mi. Mo rò pé ọgbọ́n nìyẹn. Ní nǹkan bíi kìlómítà 130, mo yà sí abúlé kan láti ra omi. Nígbà tí mo jáde, ìlà pupa tí mo ti ń tẹ̀lé láti àárọ̀ ti yọ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ sì ń fi gbogbo ìgboyà sọ pé kí n yà sí òsì. Mo yà. Títì di ọ̀nà tóóró, ọ̀nà tóóró di koríko, koríko di ẹrẹ̀. Lórí máàpù, ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà ni. Lójú mi, oko ápù ni. Mo gbé kẹ̀kẹ́ léjìká láàárín igi ápù fún ìdajì wákàtí, bàtà mi wúwo bí ẹni wọ mọ́tò, ajá kan sì dúró lókè tó ń gbó mi bí ẹni pé mo wá jí nǹkan.

Ẹ̀rọ ò ṣe àṣìṣe kankan. Mo ní kó ṣírò, ó ṣírò. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pa ìṣírò ojú ọ̀nà. Bí mo bá kúrò lórí ìlà, kó kàn dún kí n mọ̀, kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ti dídún yẹn, ẹ̀rọ mìíràn máa ń pariwo pé kí ẹ yí padà. Ká ní ẹ yà bá títì kejì torí gọ́tà tí wọ́n ń gbẹ́, tí ẹ ó sì padà pàdé ìlà yín níwájú. Kò mọ ìyẹn. Ó fẹ́ kí ẹ padà sí ojú ibi tí ẹ ti kúrò, bí olùkọ́ tó ní kí ẹ tún lẹ́tà kọ látòkèdélẹ̀ torí ọ̀rọ̀ kan. Ẹ fa máàpù sẹ́yìn kí ẹ lè rí ilẹ̀ púpọ̀, ẹ wo ibi tí ìlà náà gbà lọ níwájú, ẹ lọ pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá ti lé e bá, yóò dákẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í retí. Bí ẹ bá gba ọ̀nà kan lọ, tí ẹ sì gba òun náà bọ̀, ìlà méjì ló gorí ara wọn, ẹ̀rọ ò sì mọ èyí tí ẹ wà lórí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ ò tíì kúrò ní àdúgbò, á kí yín kú oríire, ẹ ti dé! Mo ní kí àbúrò mi gé ìrìn Ọ̀yọ́ rẹ̀ sí fáìlì méjì, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀. Ó bẹ̀rù pé bí òun bá ṣí fáìlì kejì ní Ọ̀yọ́, gbogbo ohun tí òun ti rìn láàárọ̀ á pa rẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fáìlì tí ẹ ń tẹ̀lé yàtọ̀ sí àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kọ nípa yín. Ẹ lè pààrọ̀ èyí tí ẹ ń tẹ̀lé nígbà mẹ́ta lóòjọ́, àkọsílẹ̀ á máa bá tirẹ̀ lọ títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ kó dúró.

Ilé ni mo ti ń ya ìlà, lójú kọ̀ǹpútà ńlá, lórí ìkànnì tí wọ́n ti ń ya ọ̀nà, bíi Komoot tàbí Ride with GPS, tí mo bá sì dé ibi tó ń kọ mí lóminú, mo máa ń wo fọ́tò tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run, kí n rí i bóyá dúdú ni ọ̀nà náà tàbí pupa. Dúdú, ọ̀dà. Pupa, ẹ lọ mú táyà tó nípọn.

Bátìrì, òjò, àti páwà báǹkì tó ń sùn

Iye wákàtí tí wọ́n kọ sára páálí, ẹ dín in kù kí ẹ tó gbà á gbọ́. Wahoo ELEMNT Bolt ti àtijọ́, 15 ni wọ́n kọ. Garmin Edge 530, 20 ni. Ìyẹn nígbà tí bátìrì ṣì jẹ́ ọmọ tuntun, tí ojú ọjọ́ dára, tí ẹnikẹ́ni ò sì tan iná ojú ẹ̀rọ. Iná yẹn ló ń jẹ bátìrì jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni máàpù tí ẹ ṣí kalẹ̀ látàárọ̀ àti Bluetooth tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Mo máa ń jẹ́ kí iná tàn fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kó sì kú, mo sì máa ń wo ojú ewé tó ní nọ́ńbà nìkan. Bí ibi ìyàsí bá kù díẹ̀, máàpù á yọ fúnra rẹ̀.

Fún kìlómítà 300, wákàtí 20 ni audax fún yín, fún 600, wákàtí 40. Ẹ ní láti fún un lóúnjẹ lójú ọ̀nà. Mo kọ́kọ́ rò pé kí n sáà ti gbé páwà báǹkì ńlá dání. Lóru ọjọ́ kan, mo so okùn mọ́ ọn, mo rí àmì ṣáájì, ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí mo tún wò ó lẹ́yìn wákàtí kan, bátìrì tún ti lọ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Páwà báǹkì ti sùn. Iná tí kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ ń fà kéré débi pé báǹkì náà rò pé kò sí ẹni tó so nǹkan mọ́ òun, ló bá pa ara rẹ̀. Àwọn ti fóònù ńlá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún nǹkan kéékèèké bí aago ọwọ́, tàbí ti àtijọ́ tí kò gbọ́n. Ẹ sì dán an wò nílé fún wákàtí méjì kí ẹ tó gbé e jáde. Àwọn tó ń lọ fún Paris-Brest-Paris, ìrìn audax ńlá ti ilẹ̀ Faransé, kìlómítà 1,200 láàárín wákàtí 90, ọ̀pọ̀ wọn ló ń lo dáínámò inú àgbá táyà iwájú, tí ẹsẹ̀ wọn ń fi ṣe iná.

Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ má fi ihò ṣáájì sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mo máa ń fi náílọ́ọ̀nù wé ẹ̀rọ àti okùn pọ̀. Ojú ẹ̀rọ tí à ń fọwọ́ kàn dára nínú ilé ìtajà, àmọ́ ẹ̀kán òjò náà ní ọwọ́: á máa tẹ̀ ẹ́ kiri títí á fi pa àkọsílẹ̀ yín. Ẹ tì í, tàbí kí ẹ ra èyí tó ní bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì ni tèmi, ẹnikẹ́ni ò lè yí mi lọ́kàn padà lórí ìyẹn.

Ìdí tí iye yín ò fi bá ti ọ̀rẹ́ yín mu

Èèyàn mẹ́ta jọ gùn lọ, wọ́n jọ bọ̀, ọ̀kan ní 100.7, ọ̀kan ní 101.2, ọ̀kan ní 102. Kò sí òpùrọ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ ń to àmì kéékèèké pọ̀ láti fi mọ jíjìn, àmì kọ̀ọ̀kan sì lè fi mítà mélòó kan ṣì sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ẹni tó de sẹ́ńsọ̀ mọ́ àgbá táyà ń ka yíyí táyà ni, ìyẹn péye jù, bí ẹ bá ti sọ ìwọ̀n táyà fún un dáadáa. Táyà 700×28 ń lọ tó nǹkan bíi mítà 2.14 ní yíyí kan.

Gíga òkè le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹ̀rọ tó dára ń fi ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ mọ̀ ọ́n, torí afẹ́fẹ́ máa ń fúyẹ́ bí ẹ bá ṣe ń gòkè. Àmọ́ bí òjò bá ń kóra jọ, afẹ́fẹ́ náà máa ń fúyẹ́. Ní ilẹ̀ tí kò ga, ìyàtọ̀ 1 nínú hPa, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìtẹ̀ afẹ́fẹ́, dà bíi mítà 8. Bí ó bá fi 5 lọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, ẹ ti gun òkè mítà 40 láì kúrò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo bá ń gun òkè Ditchling Beacon lọ sí Brighton, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mi ò nílò kí ẹ̀rọ sọ fún mi bó ṣe ga tó, itan mi mọ̀ ọ́n.

Èyí tó lè kó yín sí wàhálà ni aago. Ẹ̀rọ máa ń ka irú àkókò méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí táyà fi ń yí, àti gbogbo wákàtí láti ìgbà tí ẹ ti gbéra, tòun ti ìsinmi, oúnjẹ àti ilé ìtura. Àkọ́kọ́ dùn ún wò, òun ni ẹ̀rọ sì máa ń gbé síwájú yín. Èkejì ni audax ń kà. Mo ti rí ọkùnrin kan tó rò pé wákàtí kan ṣì kù fún òun, tó jókòó mu tíì, láìmọ̀ pé ó ku ìṣẹ́jú 12.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí máàpù wọlé, àbúrò mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin gbéra láti Bódìjà kí oòrùn tó yọ. Ó ní ẹ̀rọ dún ní Fìdítì nígbà tí wọ́n yà láti ra ọsàn, òun fa máàpù sẹ́yìn bí mo ṣe kọ́ ọ, òun rí ìlà, òun padà sórí rẹ̀. Lálẹ́, ó fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kìlómítà 104. Táyà yí fún wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 2. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀, wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 49. Mo sún mọ́ ìlà náà wò. Ní ojú kan ní Ọ̀yọ́, ó ta kókó, ó wé mọ́ ara rẹ̀ bí òwú tí ológbò fi ṣeré, bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró sójú kan pẹ́ lábẹ́ òrùlé.

Mo pè é. "Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 47 yìí ńkọ́? Ṣé táyà ló jò?"

"Rárá, Bọ̀dá," ó ní. "Àmàlà ni."